Búlọ́ọ̀kù ò mọ ìṣirò: ìdáhùn fún Àǹtí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5

Àǹtí kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5 ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ 26 ló wà ní kíláàsì ẹ̀, òun àti olùrànlọ́wọ́ kan ni wọ́n jọ ń bójú tó wọn. Ó ní gbogbo ibi tóun ti kà nípa kíkọ́ ọmọdé ni wọ́n ti ń sọ pé kí ọmọ fọwọ́ kan nǹkan, kó fojú rí i, kó tó lè yé e, lòun bá kó búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kẹ̀, káàdì àti pósítà wọ kíláàsì. Àmọ́ báyìí, àwọn ọmọ ń sọ búlọ́ọ̀kù lu ara wọn, wọ́n ń jà sí ilẹ̀kẹ̀, ògiri kún fún àwòrán tẹ́nikẹ́ni ò wò, àwọn òbí sì ń béèrè pé iṣẹ́ tí ọmọ àwọn kọ sínú ìwé dà. Ìbéèrè ẹ̀ gan-an rèé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Ṣé kí n kúkú padà sí bọ́ọ̀dù àti ìwé ni? Àti pé, ṣé kí n pín àwọn ọmọ sí àwọn tó ń fojú kẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń fọwọ́ kẹ́kọ̀ọ́?"

Àǹtí, ẹ kú làálàá o. Ẹ má tíì kó búlọ́ọ̀kù yẹn pamọ́. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà yẹn dáa, nǹkan kan ló kù tẹ́ ò tíì fi kún un, òun náà sì ni mo rí pé ó ń wọ́n ní ọ̀pọ̀ kíláàsì tí mo ti wọ̀: nǹkan tó wà lọ́wọ́ ọmọ ò lè dá kọ́ ọmọ ní nǹkankan. Búlọ́ọ̀kù ò mọ ìṣirò. Àwòrán ò mọ̀wé. Ìbéèrè tẹ́ ẹ bá bi ọmọ nígbà tí nǹkan yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀, àti bẹ́ ẹ ṣe mú un kúrò lórí nǹkan yẹn lọ sórí àwòrán, kẹ́ ẹ tún mú un kúrò lórí àwòrán lọ sórí nọ́ńbà tàbí lẹ́tà tí wọ́n kọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú kíka nọ́ńbà, torí ibẹ̀ ló ti máa ń hàn jù. Ọmọ ọdún 4 á ka 1 dé 20 fún yín láìsinmi, àwọn òbí á pàtẹ́wọ́, inú wọn á dùn. Ẹ wá kó kọ́ọ̀kì ìgò 5 síwájú ẹ̀, ẹ ní kó kà á, kẹ́ ẹ wá máa wo ìka ẹ̀. Ẹnu máa ń yá ju ìka lọ. Á fọwọ́ kan kọ́ọ̀kì kan, ẹnu á ti pe méjì, tàbí kó fọwọ́ kan ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó fo ọ̀kan, kó wá parí ẹ̀ sí 7, tọkàntọkàn. Kódà tó bá kà á dáadáa dé 5, ẹ bi í pé, "Ó wá jẹ́ mélòó?" Ọ̀pọ̀ wọn á tún bẹ̀rẹ̀ látorí 1. Kò tíì yé e pé nọ́ńbà tóun pè kẹ́yìn ló ń sọ iye gbogbo nǹkan tó wà níwájú òun, lójú tiẹ̀, 5 ni orúkọ kọ́ọ̀kì tó wà ní ìpẹ̀kun. Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ti la ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti ọdún 1978. Wọ́n ní kí ọmọ tó mọ kíkà, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nọ́ńbà kan ni fún nǹkan kan, pé nọ́ńbà kì í yí bó ṣe ń tẹ̀ léra padà, pé èyí tó kẹ́yìn ni iye gbogbo ẹ̀, pé kò sí nǹkan tá ò lè kà, àti pé ibi yòówù kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, iye yẹn náà ló máa bá. Ẹ ò lè fi orin kọ́ ọmọ ní ìwọ̀nyẹn o, ẹ ò sì lè fi kíkọ 1 dé 50 sínú ìwé kọ́ ọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Ẹ ní kó máa sún kọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan láti apá kan tábìlì lọ sí apá kejì bó ṣe ń pè é. Sísún yẹn gan-an niṣẹ́ náà, torí èyí tó ti kà á ti kúrò láàárín èyí tí ò tíì kà, ẹnu á sì ní láti dúró de ọwọ́. Tó bá kà á tán, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ bi í pé, "Mélòó ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi?" Kò rí ohun tó máa kà mọ́, ó di dandan kó rántí nọ́ńbà tó pè kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ṣí ọwọ́, ẹ tú wọn ká, ẹ tò wọ́n ní róbótó dípò ìlà, ẹ tún bi í. Ẹ yọ ọ̀kan lójú ẹ̀, ẹ tún bi í. Kọ́ọ̀kì 5 péré, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, iṣẹ́ tí ọmọ yẹn fi orí ṣe níbẹ̀ ju ojú ìwé kan tó da nọ́ńbà sí lọ. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé kọ́ọ̀kì ò sọ̀rọ̀ rárá nínú gbogbo èyí, ẹ̀yin lẹ bo ó mọ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ béèrè.

Ìyẹn ni ti ọwọ́. Jerome Bruner, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1960 pé ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn ń gbà di ìmọ̀ mú: nípa ṣíṣe é, nípa àwòrán ẹ̀, àti nípa àmì tí wọ́n fi dúró fún un. Singapore gbé ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn ka irú ìlànà yìí láti àwọn ọdún 1980, gbogbo ayé sì mọ bí àwọn ọmọ wọn ṣe ń ṣe dáadáa nínú ìṣirò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní 3 + 2, ẹ sọ fún wọn pé ẹyẹ 3 bà sórí igi, 2 míì tún fò wá bà. Kí kálukú fi búlọ́ọ̀kù tò ó síwájú ara ẹ̀, 3 lọ́tọ̀, 2 lọ́tọ̀, kó wá sún wọn pọ̀. Kí wọ́n má kó o kúrò o. Ẹ fún wọn ní pépà, kí wọ́n ya róbótó kan fún ẹyẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù yẹn, kò pọn dandan kó jọ ẹyẹ, ẹni tó bá ń ya ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀, orí yíyà lọ́kàn ẹ̀ máa wà, kò ní sí lórí iye. Ìgbà tí búlọ́ọ̀kù àti àwòrán bá jọ wà níwájú ẹ̀ lẹ tó máa kọ 3 + 2 sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi ìka tọ́ ọ: 3 tí mo kọ yìí, níbo ló wà nínú àwòrán ẹ? Níbo ló wà nínú búlọ́ọ̀kù ẹ? Àmì tí mo fi sí àárín yìí ńkọ́, kí lo fi ọwọ́ ẹ ṣe tó jọ ọ́? Ọmọ tó bá lè dá yín lóhùn pé "mo sún wọn pọ̀", ọmọ yẹn ti mọ ìròpọ̀, bí ò tiẹ̀ tíì lè kọ 5 kó gún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń tàsé nìyí, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù ṣeré láàárọ̀, wọ́n á kó o pamọ́, tó bá di ọ̀sán wọ́n á kọ 3 + 2 sí bọ́ọ̀dù, ọmọ ò wá ní mọ̀ pé nǹkan kan náà ni. Ó rò pé eré ni tàárọ̀, ìwé ni tọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà lórí tábìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá sì ti dé orí ìwé tó wá ń ta kókó, ẹ jẹ́ kó padà sídìí búlọ́ọ̀kù láìfi í ṣẹ̀sín, ẹ má sọ pé "àgbà bíi tìẹ ṣì ń lo búlọ́ọ̀kù". Ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa pa búlọ́ọ̀kù tì nígbà tó bá rí i pé òun yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní láti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ lè máa rò ó pé ṣé a ò lè ṣàlàyé fún wọn ni kó sì yé wọn. Ẹ dán èyí wò. Ẹ bu omi sínú kọ́ọ̀bù méjì tó jọra, kí ọmọ fúnra ẹ̀ gbà pé bákan náà lomi inú méjèèjì. Kó wá da ọ̀kan sínú kọ́ọ̀bù míì tó ga tó sì tín-ín-rín. Ọmọ ọdún 4 tàbí 5 á ní tinú èyí tó ga ló pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun ló dà á fúnra ẹ̀ o. Jean Piaget, ará Switzerland tó ṣèwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ló sọ irú ìdánwò yìí di mímọ̀, ó sì fi hàn pé láàárín ọdún 2 sí nǹkan bí ọdún 7, ohun tójú ọmọ rí ló ń borí ohun tí àgbàlagbà rò pé ó yẹ kó mọ̀. Tẹ́ ẹ bá wàásù fún un títí di alẹ́ kò ní gbà, tó bá sì gbà, ẹ̀yin ló kàn ń gbà fún, kò yé e. Kó máa dà á síwá sẹ́yìn léraléra, ìyẹn ni tiẹ̀. Torí ẹ̀ ni ike omi pẹ̀lú kọ́ọ̀bù oríṣiríṣi ìwọ̀n fi jẹ́ ọ̀kan lára nǹkan tó wúlò jù tẹ́ ẹ lè gbé sí kíláàsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ á tutù.

Ní ti ohun èlò fúnra ẹ̀, kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń rò ó. Friedrich Froebel ní Jámánì ti ń fún ọmọ kékeré ní bọ́ọ̀lù òwú àti búlọ́ọ̀kù onígi nílé-ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1837. Maria Montessori, dókítà obìnrin ará Ítálì, ṣí tiẹ̀ fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ní San Lorenzo ní Róòmù lọ́jọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907. Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ lára Montessori ni bó ṣe ń ronú kó tó gbé nǹkan kan fún ọmọ. Ó ní ilé gogoro aláwọ̀ pínńkì kan, búlọ́ọ̀kù 10 ni, èyí tó kéré jù fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, èyí tó tóbi jù fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe rí jọra, igi náà jọra, títóbi nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Nítorí náà kò sí nǹkan míì tí ojú ọmọ máa gbé, àfi kó rí èyí tó tóbi jù. Bákan náà ló ṣe ṣe àwọn igi róbótó tó ń wọ ihò, tọ́mọ bá fi ọ̀kan sí ihò tí kì í ṣe tiẹ̀, á kù ọ̀kan tí ò ríbi wọ̀ níkẹyìn, ọmọ á mọ̀ fúnra ẹ̀ pé òun ti ṣì í láìjẹ́ pé tísà pariwo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè nìyí: kí ni nǹkan kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kọ́mọ rí nínú èyí? Ṣé tó bá ṣì í, nǹkan náà á fi hàn án?

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún nǹkan tí wọ́n fi ń ka nọ́ńbà tó bá rẹwà jù. Àwọn béárì kéékèèké, ọkọ̀ kéékèèké, èso oníke tí wọ́n ní ká fi máa kà á, ọmọ á fi béárì ṣe bàbá àti ìyá, ó ti tán nìyẹn. Ìdí wà fún un. Judy DeLoache, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1987: ó ṣe yàrá kékeré kan tó jọ yàrá ńlá gẹ́lẹ́, ó fi nǹkan ìṣeré kékeré pamọ́ sínú ẹ̀ lójú ọmọ, ó wá ní kọ́mọ lọ wá èyí tó tóbi níbi kan náà nínú yàrá ńlá. Àwọn ọmọ ọdún 3 wá a rí. Àwọn ọmọ ọdún 2 ààbọ̀ ò lè wá a rí, bẹ́ẹ̀ wọ́n rántí dáadáa ibi tí èyí kékeré wà. Lójú tiwọn, yàrá kékeré náà jẹ́ nǹkan ìṣeré lásán, kò dúró fún yàrá kankan. Nígbà tó tún wá jẹ́ káwọn ọmọ ọdún 3 kọ́kọ́ fi yàrá kékeré yẹn ṣeré dáadáa, ńṣe ni wíwá wọn burú sí i. Bí nǹkan bá ṣe ń dùn mọ́ ọmọ tó bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa nira fún un tó láti rí i bí àmì nǹkan míì. Kọ́ọ̀kì, òkúta wẹ́wẹ́, bọ́tìnnì ńlá aláwọ̀ kan, igi gígé, ìyẹn ti tó fún kíkà, ẹ fi béárì sí igun eré.

Ògiri yín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Anna Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ọmọ 24 tó wà ní kíláàsì kíńdágátìnì sínú yàrá kan, wọ́n kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ nígbà tí ògiri kún fún pósítà àti ọ̀ṣọ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní òmíì nígbà tí ògiri mọ́ foo. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2014. Nígbà tí ògiri kún, ọkàn àwọn ọmọ kúrò lórí iṣẹ́ fún nǹkan bí ìdá 39 nínú 100 àkókò náà, nígbà tí ògiri ṣófo ó jẹ́ nǹkan bí 28. Ìdánwò wọn náà lọ sílẹ̀, ìdá 42 nínú 100 ni wọ́n gbà nínú yàrá tó kún, wọ́n gba 55 nínú èyí tó ṣófo. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ ya gbogbo ẹ̀ dànù o. Ẹ jẹ́ kí iwájú tí wọ́n ń kọjú sí nígbà ẹ̀kọ́ mọ́, kó má ju àwòrán ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Kẹ́ ẹ gbé e wálẹ̀ dé ibi tójú ọmọ tó jókòó dé, torí pósítà tó wà lókè fèrèsé, àgbàlagbà lẹ fi hàn. Àwòrán tọ́mọ fọwọ́ ara ẹ̀ yà sàn ju èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ, á padà wá wò ó, á fi han ẹlòmíì, á sọ̀rọ̀ lé e lórí. Èyí tó bá sì ti pé ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tẹ́nikẹ́ni ò tọ́ka sí i mọ́, ẹ yọ ọ́.

Àwòrán kan wà tí mo fẹ́ kó wà lójoojúmọ́ ṣá o, ìyẹn àwòrán bọ́jọ́ ṣe máa lọ: ìtàn, kíkà, eré ìta, oúnjẹ, orin, ilé. Ẹ yà á tàbí ẹ fi fọ́tò ṣe é, ẹ tò ó láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ọmọ kan máa yí èyí tó ti parí dojú délẹ̀. Ọmọ tó máa ń sunkún pé ìgbà wo ni màmá òun ń bọ̀ á rí i pé ó ku mẹ́ta. Ó ti ń kọ́ bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ léra, ó sì ti ń ka nǹkan bẹ́ẹ̀, láìtíì mọ lẹ́tà kankan.

Lẹ́tà wá ńkọ́? Montessori gé lẹ́tà látinú sáńdípépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ọmọ á fi ìka méjì tọ ipa ẹ̀ bí ẹni ń kọ ọ́, á máa pe ìró ẹ̀ bó ṣe ń tọ̀ ọ́. Ó dáa gan-an, ojú rí i, ìka mọ̀ ọ́n, etí gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Karin James àti Laura Engelhardt, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2012 lórí àwọn ọmọ ọdún 5 tí ò tíì mọ̀wéé kà. Wọ́n ní kí wọ́n fọwọ́ kọ àwọn lẹ́tà kan fúnra wọn, kí wọ́n tọ ipa àwọn míì, kí wọ́n tẹ àwọn míì lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n wá yàwòrán ọpọlọ wọn nígbà tí wọ́n ń wo lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ibi tí èèyàn máa ń lò nínú ọpọlọ láti kàwé ta jí fún lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, kò rí bẹ́ẹ̀ fún èyí tí wọ́n tọ ipa ẹ̀ tàbí tí wọ́n tẹ̀. Torí náà ìwé tó kún fún lẹ́tà onítóótòòtó tí ọmọ á máa tẹ̀ lé látòkè délẹ̀ ò tó o, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ kíláàsì ń pè ní iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó tọ sáńdípépà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kẹ́ ẹ gbé e kúrò níwájú ẹ̀, kó wá dá a kọ sínú tírè tẹ́ ẹ da yanrìn sí. Á wọ́, á dorí kodò, kò burú. Á fọwọ́ pa á rẹ́, á tún un kọ, yanrìn ò ní fi àṣìṣe ẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Látibẹ̀ ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀kì lórí ilẹ̀, kó tó kan pẹ́ńsù.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìjà àti ariwo, mo mọ̀ pé òun ló ń kó yín láyà sókè jù. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ẹ gbé gbogbo nǹkan jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ 26, àpótí búlọ́ọ̀kù kan láàárín, kò sí bí wọn ò ṣe ní jà. Ohun èlò kan péré ni kẹ́ ẹ gbé wá lọ́sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ sì gbà pé ọjọ́ àkọ́kọ́, eré ni wọ́n máa fi ṣe, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Ọmọ tí ò tíì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé rí ò lè fi kà á, ẹ jẹ́ kó kọ́ ilé títí á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ojú ẹ̀ walẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ kó ọmọ mélòó kan jọ, ẹ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀: bí mo ṣe ń gbé tírè rèé, ọwọ́ méjèèjì, ibi tí mo ń gbé e sí rèé, bí mo ṣe ń kó o padà rèé. Kíkó padà yẹn, ẹ kọ́ wọn bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ wọn ní lẹ́tà. Ẹ ya àwòrán ohun tó wà nínú tírè kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ẹ̀ àti mọ́ ibi tó ń gbé lórí ṣẹ́ẹ̀fù, kí wọ́n máa fi àwòrán bá àwòrán mu. Nǹkan tí ọmọ kan máa lò kẹ́ ẹ ti kà á sínú tírè tàbí ọ̀rá kan, kálukú ní tiẹ̀, ìjà á dín kù gan-an.

Ẹ má sì kọ́ gbogbo ọmọ 26 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kan wà lọ́dọ̀ yín lórí tábìlì, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tuntun wà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ olùrànlọ́wọ́ yín. Àwọn méjì tó kù ń ṣe nǹkan tí wọ́n ti mọ̀ọ́ ṣe tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọn ò ní pe "Àǹtí, Àǹtí" lé lórí: yíya àwòrán, síso ilẹ̀kẹ̀ ńlá sínú okùn bó ṣe wà lórí káàdì, wíwo ìwé aláwòrán. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ti tó, kí wọ́n pààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le, mi ò ní tàn yín. Torí náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má fi ẹ̀kọ́ tuntun sí i rárá, pípààrọ̀ yẹn gan-an ni kí wọ́n kọ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà lórí tábìlì yẹn, ẹ dín ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan kù. "Àwọ̀ wo nìyí?" kò le, kò sì kọ́ni ní nǹkan púpọ̀. Ẹ béèrè pé, báwo lo ṣe mọ̀? Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ tí mo bá fi ọ̀kan kún un? Ta ló tún lè tò ó lọ́nà míì? Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dákẹ́. Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ìkọ́ni ní Amẹ́ríkà, wọ kíláàsì lọ́pọ̀lọpọ̀, ó rí i pé tísà kì í sábà dúró ju nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 1 lẹ́yìn ìbéèrè kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dáhùn fúnra ẹ̀, àti pé tó bá lè dúró tó sẹ́kọ́ńdì 3, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Sẹ́kọ́ńdì 3 máa ń dà bí ọdún fún tísà, ẹ mú un mọ́ra.

Ti pé kẹ́ ẹ pín wọn sí olójú àti ọlọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Lọ́dún 2008 Harold Pashler, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ gbogbo ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí wò, wọn ò rí ẹ̀rí tó múná dóko pé ọmọ máa ń mọ̀wé sí i tí wọ́n bá fi irú ọ̀nà tí wọ́n ní ó jẹ́ tiẹ̀ kọ́ ọ. Gbogbo ọmọ ló nílò ọwọ́, gbogbo wọn ló nílò ojú, etí àti ẹnu. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ló máa sọ èyí tó yẹ: wọn ò lè fi etí mọ bí lẹ́tà ṣe rí, wọn ò sì lè fi ojú mọ ìró ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti pe ọmọ kan ní ọlọ́wọ́, á pẹ́ kẹ́ ẹ tó tún gbé ìwé ìtàn fún un, ìyẹn ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Fídíò náà, ẹ má kà á mọ́ ìfojúkọ́ lásán, ọmọ tó ń wo ẹni tó ń da omi lórí fóònù ò tíì da omi. Ẹ lè fi han wọn ohun tẹ́ ò lè gbé wọ kíláàsì, bíi bí irúgbìn ṣe ń hù láàárín ọjọ́ púpọ̀, kó má gùn, kẹ́ ẹ máa dá a dúró láti béèrè nǹkan.

Àwọn òbí ò ṣe nǹkan burúkú o, ìwé nìkan ni ohun tó ń délé, ìwé nìkan ni wọ́n lè fi mọ̀ pé ọmọ ń ṣe nǹkan. Ẹ fún wọn ní nǹkan míì tí wọ́n á rí. Pépà ẹyẹ yẹn, tó ní róbótó 3 àti 2 pẹ̀lú 3 + 2 tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ ẹ̀, ẹ kọ ohun tí ọmọ sọ sí i gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ déètì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ ní fáìlì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó yà níbẹ̀rẹ̀ táàmù àti ohun tó yà níparí ẹ̀, kí wọ́n gbé méjèèjì síra. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá, ẹ má sọ̀rọ̀ nípa Bruner tàbí Piaget, ẹ gbé tírè síwájú wọn, kí ọmọ wọn fi hàn wọ́n. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá jókòó sídìí tábìlì yín fún ẹgbẹ́ kan péré, kó má dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí láti ẹnu ọ̀nà, eré ni gbogbo ẹ̀ jọ.

Ó ku ti ewu, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kéré ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan ìṣeré fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3 ò gbọdọ̀ ní èyí tó lè wọ inú ihò róbótó kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3.17, torí ohun tó bá lè wọ ibẹ̀ lè há ọmọ lọ́fun. Àwọn ọmọ tiyín ti ju ọdún 3 lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu, àwọn àbúrò wọn sì lè wọ kíláàsì wá, nítorí náà ilẹ̀kẹ̀ àti bọ́tìnnì kéékèèké, ìgbà tí àgbàlagbà bá jókòó tì wọ́n nìkan ni, kẹ́ ẹ sì ka iye tó jáde àti iye tó wọlé. Àwọn mágínẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó lágbára àti bátìrì róbótó pẹlẹbẹ tó dà bíi bọ́tìnnì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ kíláàsì rárá, ní ti èyí tó lè wà nínú nǹkan ìṣeré tó ń kọrin, ẹ yẹ ibi tí bátìrì wà lẹ́yìn ẹ̀ wò bóyá wọ́n fi síkúrúù dè é pa. Mágínẹ́ẹ̀tì méjì lè fa ara wọn pọ̀ nínú ìfun kí wọ́n dá a lu, bátìrì yẹn sì lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàárín wákàtí 2. Tẹ́ ẹ bá fura pé ọmọ kan ti gbé ọ̀kan mì, kódà tó bá ń rẹ́rìn-ín tó ń sáré kiri, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, ẹ má dúró kí ara ẹ̀ kọ́kọ́ yí padà.